Róbọ́ọ̀tì tó ń rà tó ń tà: kí ni wọ́n ń tà fún àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn gan-an?

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn tó kó owó wọn sínú CBEX fẹ́ gba owó jáde, owó ò jáde mọ́. Iye tí wọ́n ń rí lójú fóònù wọn di òdo. Wọ́n tún ní kí ẹni tó bá fẹ́ rí owó rẹ̀ gbà kọ́kọ́ san 100 dọ́là tàbí 200 dọ́là sí i, kí àwọn lè mọ̀ bóyá èèyàn gidi ni. Ní Ìbàdàn, inú bí àwọn èèyàn débi pé wọ́n já wọ ọ́fíìsì tí wọ́n ń lò ní Òkè-Àdó, wọ́n sì kó àga, ẹ̀rọ amúlétutù àti ohun tí ọwọ́ wọn bà lọ. Iye tí àwọn ìwé ìròyìn ń pè pé ó bá ọ̀rọ̀ náà lọ ni tírílíọ̀nù 1.3 náírà. Kódà ká ní ìdámẹ́wàá rẹ̀ péré ni, owó àwọn èèyàn wa ni.

Ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà sí Òkè-Ògùn. Oṣù kẹrin ni òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ dáadáa ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa yìí. Ìgbà náà ni àwọn àgbẹ̀ ní Ṣakí, Ìṣẹ́yìn, Òkèhò, Ìgànná títí dé Kíṣì máa ń san owó katakata, tí wọ́n ń ra irúgbìn àgbàdo àti oògùn tí wọ́n ń fín sí koríko. Ẹni tó bá ní kí owó yẹn sinmi síbì kan fún ọgbọ̀n ọjọ́ péré, kó lè di ìlọ́po méjì kó tó gbìn, kì í ṣe owó nìkan ló pàdánù. Ó pàdánù odidi ọdún kan lóko. Tó bá wá jẹ́ pé owó àjọ tí àwọn ẹlòmíì fi sí i lọ́wọ́ ni, tàbí owó tí ìyá rẹ̀ ń tọ́jú fún Hájì, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ẹbí lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun tó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìbéèrè mìíràn ti ń wọlé sọ́dọ̀ wa. Àwọn tó ń bi wá kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn kan nínú wọn ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílé ìwé gíga ní Ṣakí, àwọn mìíràn ń kọ́ ọ fúnra wọn lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ sogúndogójì mọ́. Sọ́fítíwià gidi ni àwọn fẹ́ kọ, èyí tí á máa dá ra ìpín ìdókòwò, tí á sì máa dá tà á, tí á máa jẹ èrè kékeré tó wà láàárín iye tó rà á àti iye tó tà á. Àwọn mìíràn ò fẹ́ kọ nǹkan kan, wọ́n ti rí ẹni tó fẹ́ ta irú rẹ̀ fún wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ṣé iṣẹ́ yìí wà lóòótọ́, ṣé hàláàlì ni, ṣé owó kékeré lè ṣe é?

Ó wà lóòótọ́. Kódà ó ti wà ní ọjà Ṣakí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà.

Ẹ wo alájàpá tó jókòó ti àpò àgbàdo lọ́jà. Owó méjì ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Iye kan wà tí á fi rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó gbé e wá láti oko, iye mìíràn wà tí á tà á fún oníbàárà tó wá láti Ìbàdàn. Ká ní ó ń ra àpò kan ní 50,000 náírà, tó sì ń tà á ní 51,000. Ẹgbẹ̀rún kan náírà tó wà láàárín ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìrẹ́jẹ rárá. Àgbẹ̀ ò fẹ́ jókòó máa wojú ọ̀nà títí ará Ìbàdàn á fi dé, ará Ìbàdàn náà ò fẹ́ máa ti abúlé dé abúlé ṣa àpò méjì-mẹ́ta jọ. Alájàpá ló bá àwọn méjèèjì gbé ẹrù ìdúró yẹn, ohun tó ń gbà sì ni owó ìdúró. Nínú ẹgbẹ̀rún kan náírà yẹn náà, alábàárù á gba tirẹ̀, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tó ń kó o sí á gba tirẹ̀.

Iṣẹ́ kan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe lọ́jà ìpín ìdókòwò. Market maker ni Òyìnbó ń pè wọ́n. Ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá wà ní ṣíṣí, wọ́n gbọ́dọ̀ máa pe owó méjì: "Mo ń rà á ní 20 náírà, mo ń tà á ní 20 náírà àti 20 kọ́bọ̀." Ẹni tó bá fẹ́ tà á rí ẹni rà á, ẹni tó bá fẹ́ rà á rí ẹni tà á fún un, kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kan.

Ọjà ìpín ìdókòwò ilẹ̀ wa ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ káràkátà ní 1961 tó sì gbé kọ̀ǹpútà wọ iṣẹ́ ríra àti títà ní 1999, kò ní irú ètò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó fojú wa rí ní 2008 ló jẹ́ kí àìsí rẹ̀ hàn. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, òṣùwọ̀n ọjà náà kọjá 66,000. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó ti já wá sísàlẹ̀ 20,000. Gbogbo èèyàn fẹ́ tà, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà. Àwọn bàbá wa tó lo owó ìfẹ̀yìntì wọn láti ra ìpín báńkì mọ ohun tí a ń sọ, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí àwọn kan títí dòní. Oṣù kẹsàn-án 2012 ni ọjà náà tó bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, bróókà mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ yàn láti máa pe owó méjì. Wọn ò kàn yan ẹni tó bá ṣáà mọ kọ̀ǹpútà. Wọ́n wo ojú owó tó ní, wọ́n wo ìwé àṣẹ rẹ̀, wọ́n wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ibo wá ni sọ́fítíwià wọ̀ ọ́? Ẹnu alájàpá tí wọ́n mú kó yára ni sọ́fítíwià, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á wo iye tí ọjà wà, á gbé owó ríra kalẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, á gbé owó títà kalẹ̀ díẹ̀ lókè rẹ̀. Bí ọjà bá yí, á fa méjèèjì yọ, á gbé òmíràn kalẹ̀. Ọmọ tó bá ti ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ọdún kan lè kọ irú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kò tiẹ̀ pọn dandan kó kọ ọ́. Láti 2019 ni Hummingbot ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń ná owó kírípítò, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Nítorí náà, ẹni tó bá gba ọgọ́rùn-ún méjì ẹgbẹ̀rún náírà lọ́wọ́ yín fún "róbọ́ọ̀tì àṣírí" lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń tà fún yín.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ alájàpá wa.

Ká ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni, gbogbo àgbẹ̀ ló ń gbé àgbàdo wá, kò sì sí ará Ìbàdàn kankan. Ó ń rà, ó ń rà, ṣọ́ọ̀bù kún dẹ́nu. Tó bá ṣì ń pe 50,000, owó ọwọ́ rẹ̀ á tán, àgbàdo ni á sì kù sí i lọ́wọ́. Alájàpá tó gbọ́n á sọ owó ríra rẹ̀ kalẹ̀ sí 48,500, á sì sọ owó títà kalẹ̀ sí 49,500, kí àwọn tó ń tà lè rọra, kí àwọn tó ń rà sì lè sún mọ́ ọn. Tí ṣọ́ọ̀bù bá fẹ́ ṣófo, á gbé méjèèjì gòkè. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìṣirò yìí níléèwé. Ní 2008, onímọ̀ méjì, Marco Avellaneda àti Sasha Stoikov, kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣirò: bí ẹrù tó wà lọ́wọ́ rẹ bá ṣe pọ̀ tó, bí ọjà bá ṣe ń mì tó, bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe sún owó méjèèjì. Iṣẹ́ wọn yìí wà nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià tí wọ́n ń polówó lónìí. A máa ń rẹ́rìn-ín tí a bá rántí pé àwọn ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Ṣakí ti ń ṣe é látayébáyé.

Ìṣòro kejì le ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wá rajà lọ́wọ́ alájàpá ni kò mọ nǹkan. Àwọn tó ń tajà ní ẹ̀bá ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ mọ èyí dáadáa. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ mọ̀ ní oṣù kẹfà 2023, owó sẹ́fà lágbára sí náírà. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìròyìn náà, tó kó sẹ́fà dání wá lówùúrọ̀, lè pàdé alájàpá tó ṣì ń pe owó àná. Á kó gbogbo àpò tó wà nílẹ̀ lọ. Alájàpá á rò pé ọjà òun yá, àfi ìgbà tó bá fẹ́ ra òmíràn pa dà tó rí i pé owó ọwọ́ òun ò tó iye àpò tí òun tà mọ́. Ohun tó ń pa àwọn tó ń pe owó méjì lọ́jà ìpín ìdókòwò nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹni tó ti gbọ́ ìròyìn ilé iṣẹ́ kan ṣáájú rẹ ló máa ń wá bá ọ rajà ní àkókò tí kò yẹ kí o tà. Róbọ́ọ̀tì rẹ á tà á fún un kíákíá, á tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun fi ń gbé kọ̀ǹpútà wọn sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ọjà gan-an, kí wọ́n lè fi ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú ẹlòmíì. Ẹni tó bá mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń rí ní Àgọ́-Àrẹ nígbà tí òjò bá ṣú, tí iná bá tún lọ, á mọ̀ pé eré yẹn kì í ṣe tiwa.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe. Knight Capital jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù lọ nídìí iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2012, wọ́n gbé sọ́fítíwià tuntun sórí àwọn kọ̀ǹpútà wọn. Mẹ́jọ ni wọ́n yẹ kí wọ́n gbé e sí, méje ni ó dé, wọ́n gbàgbé ọ̀kan. Lórí ọ̀kan yẹn, ohun àtijọ́ kan tí wọn ò ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún jí dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ohun tó wọ́n, ó ń tà á ní ẹ̀dínwó, léraléra. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, nǹkan bíi mílíọ̀nù 440 dọ́là ti lọ. Kò pé ọdún kan tí ilé iṣẹ́ náà fi bọ́ sábẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn. Àwọn yẹn ní òṣìṣẹ́, wọ́n ní ojú owó, wọ́n ní ìwé àṣẹ. Àwa tí a ń fi fóònù kan àti dátà gígabáìtì kan ṣe é ńkọ́?

Ó yẹ ká ṣírò rẹ̀ ní náírà, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè "ṣé owó kékeré lè ṣe é" wà. Ní Nàìjíríà, ẹni tó fẹ́ ra ìpín ìdókòwò gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ bróókà tó ní ìwé àṣẹ. Kò lè fúnra rẹ̀ gbé róbọ́ọ̀tì lọ síwájú ọjà. Owó iṣẹ́ bróókà lè tó 1.35% nígbà tí o bá ń rà, kó tún tó 1.35% nígbà tí o bá ń tà. Ká ní o ní 100,000 náírà. O ra ìpín 5,000 ní 20 náírà, o sì tà á ní 20 náírà àti 20 kọ́bọ̀. Èrè rẹ jẹ́ 1,000 náírà. Owó bróókà lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 2,700. Ká tiẹ̀ ní bróókà rẹ ṣàánú rẹ tó gba 0.75% péré, 1,500 ṣì ni. A ò tíì ka owó tí SEC, ọjà fúnra rẹ̀ àti ilé ìtọ́jú ìpín ìdókòwò ń gbà. Bí róbọ́ọ̀tì náà bá ṣe ń yára tó ni òfò rẹ á ṣe máa yára tó. Àwọn tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ yìí ń jèrè nítorí pé àwọn fúnra wọn ni bróókà, wọn kì í sanwó fún ara wọn.

Ẹ wá fi ìṣirò yìí wé ohun tí CBEX ṣèlérí: ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, tí wọ́n ní ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ̀ǹpútà ló ń bá èèyàn ṣòwò, tí ìwọ kàn máa tẹ ohun kan lójú fóònù lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fi 100,000 sílẹ̀ ní irú ìlérí bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan, owó rẹ̀ yóò ti kọjá mílíọ̀nù 409. Lẹ́yìn oṣù ọgbọ̀n, yóò ti kọjá tírílíọ̀nù 107 náírà. Gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà pátá, Dangote, MTN, gbogbo báńkì, kò ju nǹkan bíi tírílíọ̀nù 63 lọ ní ìparí ọdún 2024. Ọ̀dọ́ kan ní Ìṣẹ́yìn á ti ra gbogbo wọn, á ṣì ní ṣéńjì lọ́wọ́. A ò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. MMM ṣèlérí 30% lóṣù, ó sì ti owó àwọn èèyàn pa ní oṣù Kejìlá 2016, síbẹ̀ kò tó ọdún mẹ́wàá tí ẹlòmíì fi ṣèlérí ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn, tí a sì tún sáré lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè, ojú róbọ́ọ̀tì tí a ò mọ ẹni tó ni ín sì ni a fi ṣòwò yìí.

Ọ̀rọ̀ ti hàláàlì àti hàráàmù ńkọ́? Èrè alájàpá kò ní ìṣòro fúnra rẹ̀, òwò ni. Ibi méjì ni ẹsẹ̀ ti lè yọ̀. Èkíní, ẹ̀sìn wa kọ̀ fún wa láti ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià tí wọ́n ń kọ lókè òkun ń tà kí ó tó rà, á yá ìpín ìdókòwò ẹlòmíì tà, á wá rà á padà lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ń kọ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ pe owó títà fún ohun tó ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ìlà kan péré ni nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kò ṣòro.

Èkejì ni ohun tí àwọn àáfà ń pè ní nájáṣì: kí èèyàn máa dá owó lé ọjà tí kò fẹ́ rà, kí ẹlòmíì lè rò pé ọjà náà ń tà. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ ọ́ fún wa. Kọ̀ǹpútà ti sọ ọ́ di ohun tó rọrùn gan-an báyìí. Ọ̀gbẹ́ni Navinder Sarao ń gbé nílé àwọn òbí rẹ̀ ní Hounslow ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló ti ní kí wọ́n bá òun ṣe sọ́fítíwià tó ń gbé owó títà ńláńlá kalẹ̀, tó sì ń fà á yọ kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà so ó mọ́ ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún 2010, tí ọjà wọn já wálẹ̀ bí òkúta láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Wọ́n mú un ní 2015, ó jẹ́wọ́ ní 2016, ní 2020 wọ́n dá a lẹ́jọ́ kó má ṣe kúrò nílé fún ọdún kan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ló ti jẹ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ló tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì tó ṣèlérí èrè ńlá fún un. Ẹni tó yára ju gbogbo ọjà lọ, ó ṣì rí ẹni tó gbá a lójú.

Ní ti òfin, ohun kan ti yí padà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì mọ̀. Ní oṣù kẹta 2025, kó tó di pé CBEX dojú dé, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìdókòwò. Òfin náà dárúkọ sogúndogójì, ó sì fi owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lé e lórí. Ó tún mú owó kírípítò àti irú rẹ̀ wá sábẹ́ àjọ SEC. SEC sọ gbangba pé àwọn ò fún CBEX níwèé àṣẹ rí. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá gba EFCC láyè láti mú àwọn mẹ́fà tí wọ́n ní ọwọ́ wọn wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀dọ́ tó ń kọ sọ́fítíwià rántí èyí: bí o bá ń fi owó ara rẹ dán róbọ́ọ̀tì rẹ wò, ìwọ àti owó rẹ ni. Ọjọ́ tí o bá gba 50,000 náírà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ pé kí róbọ́ọ̀tì rẹ bá a ná an, o ti wọ ibi tí òfin ti ń béèrè ìwé àṣẹ, kódà bí ọkàn rẹ bá mọ́ bí omi àfọ̀wúrọ̀pọn.

Ṣé kí ọmọ náà wá pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé ni? A ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lè kọ sọ́fítíwià tó ń pe owó méjì, tó ń ka ẹrù tó wà nílẹ̀, tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ti kọ́ iṣẹ́ tí àwọn bróókà àti báńkì ní Èkó ń wá. Kó fi owó orí ìwé dán an wò, owó tí kì í ṣe gidi, fún oṣù mẹ́fà, kó kọ gbogbo owó bróókà sínú ìṣirò rẹ̀, kó sì fi àbájáde rẹ̀ han àwọn tó ń gbani síṣẹ́. Iṣẹ́ mìíràn tún wà nílé níbí. Títí di òní, àgbẹ̀ tó ń gbé àgbàdo bọ̀ láti oko lẹ́yìn Ìgbòho kò mọ iye tí wọ́n ń tà á ní Bódìjà láàárọ̀ ọjọ́ náà, àfi tí ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ bá sọ fún un. Sọ́fítíwià kékeré tó bá lè sọ ìyẹn fún un lórí fóònù tí kì í ṣe olówó ńlá, tí á máa kà á ní Yorùbá, kò ní sọ ẹnikẹ́ni di olówó láàárín oṣù kan. Ṣùgbọ́n a mọ àwọn tó máa rà á.

Ó ku ìbéèrè kan tí àwọn èèyàn ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi wá. Àwọn kan wọlé ní kùtùkùtù, wọ́n gba owó wọn àti èrè kó tó dojú dé. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá èrè náà jẹ́ tiwọn. Àwọn àáfà ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀, a ò ní gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ohun tí àwa rí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé a ti ṣírò rẹ̀ sókè yìí, kò sí òwò kankan láyé tó lè mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá loṣooṣù. Tí kò bá wá láti ibi òwò, ibo ló ti wá bí kò ṣe lọ́wọ́ àwọn tó wọlé lẹ́yìn? Ẹni tó fi 200,000 síbẹ̀ tó gba 600,000, 200,000 ni tirẹ̀. 400,000 yòókù lè jẹ́ owó katakata ẹnì kan ní Òtù tàbí owó ilé ìwé ọmọ ẹlòmíì.

Ó sì burú jù fún àwọn tó gba owó lórí orí èèyàn tí wọ́n mú wọlé. Wọ́n mọ orúkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn ni, ẹni tí wọ́n jọ ń kírun ní ṣọ́ọ̀fù kan náà ni, ìyàwó ọ̀rẹ́ wọn ni. Kí EFCC tó rí ẹnikẹ́ni mú, kí ilé ẹjọ́ tó parí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jókòó sílé ní alẹ́ kan, kó mú bírò, kó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kọ iye tí òun jẹ lórí orí ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní owó irúgbìn lọ́wọ́.